Ìgbòkun Pupa Lórí Odò Medway

Iṣẹ́ òru ni mo ṣe mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú Òyìnbó rí á mọ bí ojú ṣe máa ń ta ni láàárọ̀, bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí i. Mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní kí n rìn dé etí odò Medway, níbi tí wọ́n ń pè ní Strand ní Gillingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú kí n tó lọ sùn. Mo jókòó, mo yọ búrẹ́dì tó kù nínú báàgì mi, mo ń jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Àfi bí ìgbòkun pupa kan ṣe yọ lójijì. Kì í ṣe pupa bí ẹ̀jẹ̀ o. Pupa bí osùn tó ti pẹ́ lára. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí mo fi ka mẹ́fà. Ọkọ̀ gbọọrọ, dúdú, tí ikùn wọn fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ, aṣọ tó wà lórí wọn sì ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń dún. Omi nìkan ni mo ń gbọ́.

Aṣọ yẹn kọ́ ló dá ọwọ́ mi dúró lórí búrẹ́dì, igi tó gbé e ró ni. Òpó kan nàró nínú ọkọ̀. Igi kejì dábùú láti ìdí òpó náà lọ sókè, títí dé igun aṣọ lọ́hùn-ún, òun ló na aṣọ náà sí atẹ́gùn. Mo mọ igi dídábùú yẹn. Mo ti gbé e léjìká rí, ó sì ti já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀ rí, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun nínú ọkọ̀ bàbá mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn rí ìbátan rẹ̀ lọ́jà ìlú tí kò mọ ẹnì kankan.

Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó kó wá sí Èkó, ó tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bàrígà láàárín àwọn èèyàn wa tó pọ̀ níbẹ̀. Yanrìn niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe yanrìn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà o, yanrìn tí wọ́n ń wá lísàlẹ̀ omi. Wọ́n á ta ìgbòkun ní kùtùkùtù, wọ́n á lọ sáàárín ọ̀sà, wọ́n á ri àkàsọ̀ onígi gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọkùnrin kan á di àkàsọ̀ yẹn mú, á sọ̀kalẹ̀ tòun ti korobá títí dé ìsàlẹ̀, á bu yanrìn, á tún gun òkè padà. Wọ́n á da korobá náà sínú ọkọ̀. Á tún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni títí ọkọ̀ á fi kún, tí ẹnu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, tí ẹni tó ń wò láti òkèèrè á rò pé àwọn èèyàn ló jókòó sórí omi lásán. Atẹ́gùn ló ń gbé wọn lọ, òun náà ló ń gbé wọn bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Ṣómólú tàbí Yábàá, tí ògiri yín nípọn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé sìmẹ́ǹtì nìkan ló gbé e ró. Yanrìn ọ̀sà wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá mi ló kó o wá, láìlo ẹ̀kún ìgò epo bẹntiróòlù kan.

Aṣọ ìgbòkun wa kì í ṣe aṣọ kan. Àpò ìrẹsì ni, àpò fúláwà, tapólì tí ẹni kan ti lò tán, gbogbo rẹ̀ ni ìyá mi ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán pọ̀ lójúde. Lẹ́yìn ìdìbò, ọjà wa máa ń yá, nítorí bánà àwọn olóṣèlú á pọ̀ nílẹ̀. Ọdún kan wà tí olùdíje kan tí kò wọlé fi ẹyín funfun rẹ́rìn-ín lórí ìgbòkun wa láti oṣù karùn-ún títí di ọdún tuntun. Bàbá mi ní ọkùnrin náà wúlò fún wa ju ẹni tó wọlé lọ.

Ṣé mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn? Rárá o. Ojú ń tì mí. "Ọmọ oníyanrìn" ni wọ́n ń pè mí níléèwé. Nígbà tí afárá Third Mainland parí ní 1990, tí àwọn èèyàn ń ti inú mọ́tò wò wá lókè, mo máa ń bẹ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọmọ kíláàsì mi má baà rí mi. Mo ka ìgbòkun sí ohun tí ẹni tí kò lówó ẹ́ńjìnnì ń lò. Èrò tí mo gbé wọ bàálù wá sí ìlú yìí nìyẹn.

Bàbá kan wà nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òfin iṣẹ́ wa kò gbà á, ó sì ti dolóògbé. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀ ju "tíì mi ti tutù" lọ. Ní òru tó tẹ̀ lé e, mo ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀, mo kàn ń sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ lè yá, mo ní mo rí àwọn ọkọ̀ kan lórí odò, aṣọ wọn pupa. Bàbá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Mélòó?" Mo ní mẹ́fà. Ó ní, "Atẹ́gùn wá láti ibo?" Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣí ilẹ̀kùn kan. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́. Láti òru ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tètè débi iṣẹ́.

Thames barge ni orúkọ ọkọ̀ náà, Thames sì ni odò tó gba àárín London kọjá. Èmi á máa pè é ní bájì, torí àwa ará Èkó mọ bájì. Gígùn rẹ̀ máa ń tó 80 sí 90 ẹsẹ̀ bàtà, ó lè ru ju 100 tọ́ọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n èèyàn méjì péré ló ń wà á: ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀, tàbí kí ọmọdékùnrin kan kún wọn, àti ajá. Mo bi bàbá pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe. Ó ní igi dídábùú yẹn ni àṣírí rẹ̀. Wọn kì í sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ rárá. Okùn ni wọ́n fi ń fà á jọ mọ́ òpó, bí ẹni fa kọ́tìnnì. Isàlẹ̀ ọkọ̀ pẹlẹbẹ, kò ní egungun ìdí tó rì sínú omi, nítorí náà bí omi bá fà, á jókòó sórí ẹrẹ̀ bí ìkòkò, wọ́n á já ẹrù, omi á kún, á tún gbéra. Kí atẹ́gùn má baà tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́, pátákó ńlá méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń sọ kalẹ̀ sínú omi bí ìyẹ́ ẹja. Kódà, òpó ọkọ̀ náà ṣeé tẹ̀ lulẹ̀ kó lè gba abẹ́ afárá kọjá.

Kí ni wọ́n ń kó? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára nìyí. Bíríkì ni. Ní agbègbè Sittingbourne àti Faversham níbí, ní Kent, ni wọ́n ti ń sun bíríkì aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi kọ́ apá tó pọ̀ nínú London. Bájì ń kó bíríkì lọ, ó sì ń kó ìdọ̀tí London bọ̀. Eérú ààrò àwọn ará London wà nínú ìdọ̀tí yẹn, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n á fi ṣe bíríkì mìíràn. Àwọn bájì mìíràn ń kó koríko fún àwọn ẹṣin London, wọ́n á tò ó sókè lórí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ kò ní rí iwájú mọ́. Igbákejì á lọ dúró sórí koríko, á máa pariwo ọ̀nà fún un. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ìgbẹ́ ẹṣin ni ẹrù wọn. Bàbá ní èyí kò bá ìgbà tòun mọ́, àwọn àgbà ló sọ fún òun, ó sì fi ọwọ́ di imú bí ẹni pé òórùn náà ṣì wà nínú yàrá.

Ìgbòkun kọ́ ilé London, ìgbòkun sì ń kọ́ ilé Èkó. Mo lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò rí oorun sùn.

Ẹni tó dá ìdíje sílẹ̀, Henry Dodd lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ìdí ohun èlò ìtulẹ̀ lóko ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá rí owó nínú kíkó ìdọ̀tí London, débi tí wọ́n fi ń pè é ní agbálẹ̀ oníwúrà. Ó ní bájì tó ń kó ìdọ̀tí. Ní 1863 ó ṣètò eré ìje fún àwọn bájì lórí odò Thames, ó fi ẹ̀bùn sí i. Ìgbà tí mo kà á ni mo dá ìwé dúró. Ní 1863, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé bájì ń kú lọ! Kò sí ọ̀rọ̀ àṣà, kò sí ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ni, ọkọ̀ ìgbẹ́ ẹṣin ni, àwọn tó ń wà á kò sì níyì lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọkùnrin yìí ń wá ni kí ọkọ̀ dára sí i, kí àwọn tó ń wà á sì níyì sí i.

Ó rí i gbà. Àwọn bájì àtijọ́, imú wọn pẹlẹbẹ bí àpótí, omi ni wọ́n ń tì kiri. Nígbà tí ìdíje dé, oníkálukú fẹ́ borí, ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n imú rẹ̀, wọ́n ń tún ìdí rẹ̀ ṣe, wọ́n ń fi ìgbòkun kún ìgbòkun. Ọkọ̀ tó bá sì yára lọ́jọ́ ìdíje, á yára lọ́jọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú. Ní 1880, odò Medway níhìn-ín dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, bájì tó wà lójú omi ju 2,000 lọ.

Lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé, ẹ́ńjìnnì dé, Ogun Àgbáyé Kejì náà dé. Ní 1940, àwọn bájì wà lára ọkọ̀ tó lọ kó ọmọ ogun ní Dunkirk, létí òkun ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Pudge, tí wọ́n kàn ní Rochester ní 1922, lọ, ó sì bọ̀. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ ogun gùn. Ní 1963, nígbà tí ìdíje Thames pé 100 ọdún, wọ́n ṣe é, wọ́n sì ní ó tó, nítorí kò sí bájì tó ń fi ìgbòkun ṣòwò mọ́ àfi díẹ̀. Cambria, tí wọ́n kàn ní Greenhithe ní 1906, ló kẹ́yìn gbogbo wọn tó ń fi atẹ́gùn nìkan kó ẹrù, òun náà sì ṣíwọ́ ní 1970. Bàbá mi ti ilé ìtọ́jú (bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi nìyẹn) ti gòkè ṣáájú ìgbà yẹn, ó wáṣẹ́ sí ọgbà ọkọ̀ ogun ní Chatham títí wọ́n fi tì í ní 1984.

Ẹnikẹ́ni á rò pé ó parí síbẹ̀. Igi á jẹrà, wọ́n á gbé ọ̀kan sílé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń ra òkú bájì lówó pọ́ọ́kú, wọ́n fẹ́ fi ṣe ilé gbé. Ẹni tó bá sì ní bájì, bó bá gbọ́ pé ìdíje kan ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un. Á wá òpó fún un. Á wá aṣọ. Bó bá wá aṣọ, á nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, nítorí ìgbòkun bájì kì í ṣe aṣọ ibùsùn tí èèyàn kàn ń na. Á wá àgbàlagbà bíi bàbá mi yẹn lọ, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn mí." Báyìí ni ìdíje tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi tún òwò ṣe ṣe di ohun tó gbé ọkọ̀ náà ró nígbà tí òwò kú. Wọ́n gbé ti Thames dìde padà ní 1995. Cambria fúnra rẹ̀, wọ́n tún un kàn ní Faversham, ó padà sómi ní 2011. Mirosa, tí wọ́n kàn ní Maldon ní 1892, kò ní ẹ́ńjìnnì rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, ó sì ń bá wọn díje. Àwọn tó ṣì ń ta ìgbòkun lónìí á tó nǹkan bí 30. Èèyàn lè ní 30 nínú 2,000 kéré. Èmi tí mo mọ iye ọkọ̀ ìgbòkun tó kù ní Bàrígà, mi ò lè ní ó kéré.

Bàbá ilé ìtọ́jú yẹn kú nígbà òtútù. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí mo ti mọ̀ nítorí ó máa ń wá kí i ní ọjọ́ Àìkú, ló bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ní bájì kan, pé kí wọ́n gbà mí wọkọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí n wá bá wọn tọ́jú ìgbòkun ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àwọ̀ osùn yẹn. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀ ni, wọ́n fi epo ẹja pò ó, wọ́n fi omi òkun là á. Òun ni kì í jẹ́ kí òjò àti oòrùn jẹ aṣọ náà run. A tẹ́ ìgbòkun sílẹ̀ gbalaja, a mú búrọ́ọ̀ṣì, a ń fi pa á. Òórùn rẹ̀ dà bí ẹja gbígbẹ tí wọ́n gbàgbé sínú àpótí. Ọwọ́ mi pupa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bi mí pé ṣé mo ní àrùn kan ni.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la wọkọ̀. Obìnrin ni ọ̀gá ọkọ̀ wa, kò pariwo, ó kàn máa ń tọ́ka. Àwọn yòókù ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, gbẹ́nàgbẹ́nà kan, àti ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan tí wọ́n ní kó máa kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ yìí gbé okùn kan lé mi lọ́wọ́, èyí tó ń di orí igi dídábùú náà mú kó má baà fì jù. Wọ́n ń kọ orúkọ okùn náà ní *vang*, ṣùgbọ́n "wáàngì" ni gbogbo wọn ń pè é. Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí a kò ní *v* lédè tiwa, tí wọ́n fi ń bá wa jà níléèwé, a tún wá bá Òyìnbó tí kò lè pè é!

Wọ́n yìnbọn, a gbéra. Mo ti rò pé ìdíje ọkọ̀ á dà bí ti ẹṣin, eré burúkú burúkú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ́ra, ó sì ń dáni lágara, lẹ́yìn náà, láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo nǹkan á ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ń lọ síbi tí Medway ti ń wọ inú Thames, tí omi ti fẹ̀ tí kò ní òdìkejì mọ́. Atẹ́gùn lágbára, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́, omi ń gorí pátákó wọlé. Wọ́n ní kí n yí ẹ̀rọ tó ń gbé pátákó ẹ̀gbẹ́ sókè. Mo yí i títí èjìká mi fi ń gbọ̀n, ọmọ ọdún 17 yẹn sì ń sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òdìkejì ni mo ń yí i sí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀gá wa fẹ́ gé ọ̀nà kúrú létí ẹrẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ pé ọwọ́ òun lè má tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀, ó dúró. Ẹrẹ̀ ti gbà wá mú. Bájì méjì kọjá lára wa, ẹnì kan nínú ọ̀kan gbé ife tíì rẹ̀ sókè kí wa. Ọlọ́run ló ṣe é tí omi ń kún lọ́wọ́. Ká ní ó ń fà ni, à bá sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ọkọ̀ gbọn ara rẹ̀ nù. Ipò kẹrin la ṣe nínú mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó bínú, àfi olùkọ́ yẹn, tó ní ẹrẹ̀ yẹn wà lórí máàpù láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Láàárín ogójì ìṣẹ́jú tí a fi dúró lórí ẹrẹ̀, mo rí ohun tí mi ò lè rí nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọmọ ọdún 17 ń so okùn kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ní kò dára, ó tú u, ó ní kó tún un so. Ó tún un so nígbà mẹ́rin. Àjọ tó fẹ́ tọ́jú igi lè tọ́jú igi, a ó gbé e sábẹ́ òrùlé, kò ní jẹrà. Ta ni yóò tọ́jú ọwọ́ ọmọ yẹn? Ìdíje nìkan ló lè mú ọmọ ọdún 17 jí ní aago márùn-ún ọjọ́ Sátidé láìsí ẹni tó nà án.

Àwọn mìíràn ti mọ èyí. Ní Martinique, erékùṣù kan ní òkun Caribbean, ọkọ̀ àwọn apẹja tó fẹ́ di ohun ìgbàgbé ni wọ́n sọ di ìdíje lọ́dọọdún yí gbogbo erékùṣù ká. Àwọn atukọ̀ á jókòó sórí igi tó yọ síta lókè omi, ara wọn ni òṣùwọ̀n tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi iṣẹ́ ìtọ́jú yẹn sínú ìwé àwòkọ́ṣe rẹ̀ ní 2020. Ní Bahia, ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé òdòdó lọ fún Yemọja lójú omi ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní saveiro. Òun ló ń kó gààrí, èso àti ìkòkò láti àwọn ìlú tó yí ọ̀sà ńlá wọn ká wá sí ọjà Salvador. Àwọn ọ̀nà ọlọ́dà ló pa òwò rẹ̀. Ìdíje kan tí wọ́n sọ lórúkọ João das Botas, ọkùnrin tó fi ọkọ̀ jà nínú ogun òmìnira wọn, wà lára ohun tó ń mú kí àwọn tó kù ṣì jáde.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn níbí. Igi óákù wọ́n, aṣọ wọ́n ju igi lọ, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń darúgbó, ọdún mìíràn sì wà tí bájì tó jáde kò pọ̀. Bàbá mi yẹn gan-an, nígbà tó wà láyé, mo ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Strand nígbà kan kó lè wo ìdíje. Inú rẹ̀ dùn, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Wọ́n léfòó jù. Kò sí ẹrù nínú wọn." Ó ní ìdíje láìsí ẹrù, eré ọmọdé ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi tí mo fi pe bọ̀ọ̀dá mi ní Bàrígà lórí WhatsApp. Òun ló jogún ọkọ̀ bàbá wa, òun náà ló kan òmíràn. Mo fi fídíò bájì ránṣẹ́ sí i ṣáájú. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ mi ná. Àwọn ìdíje ọkọ̀ tí ìjọba ń ṣe l'Ékòó, tí wọ́n ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tukọ̀, ó dára, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìgbòkun kò sí níbẹ̀. Ká ní a rí ọkọ̀ yanrìn mẹ́wàá, ní ọjọ́ Àìkú kan, láti etídò wa lọ sábẹ́ afárá, kẹ́ ẹ sì padà. Èmi á wá owó ẹ̀bùn." Mo ṣàlàyé Henry Dodd fún wọn. Mo ní kí a má dúró dìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn bá gba iṣẹ́ náà tán pátápátá.

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ṣé yanrìn máa wà nínú ọkọ̀ ni, àbí òfìfo?"

Mo ní òfìfo, kó lè yára.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, Òyìnbó ti jẹ ẹ́ lọ́pọlọ. Atẹ́gùn á da òfìfo ọkọ̀ nù. Yanrìn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí yanrìn bá sì wà níbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ ni típà máa kọ́kọ́ kó tiẹ̀, ẹni tó bá dé kẹ́yìn á sun yanrìn rẹ̀ mọ́jú. Kí lo rò pé à ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà bàbá wa? Ìwọ ni o máa ń bẹ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀."

Mi ò mọ̀ pé wọ́n rí mi nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ láìkọ nǹkan kan sí i: ìgbòkun tuntun tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ lójúde. Àpò ìrẹsì ni lápá ìsàlẹ̀. Lókè, lábẹ́ igi dídábùú, ojú olóṣèlú kan wà níbẹ̀ láti imú lọ sókè, ó ń wo ọ̀sà. Mo bi wọ́n pé iye ọkọ̀ mélòó ló lè jáde lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n dáhùn pé méje, bí ẹ̀bùn bá tó owó yanrìn tọ́ọ̀nù méjì, kí n sì má gbàgbé owó ẹni tó ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀.